Ìkíni tí Ẹ̀rọ Ń Kí: Ìtàn Iṣẹ́ tí Ilé Ìwòsàn Ń Rán sí Aláìsàn, àti Ohun tó Kan Kétu Níbẹ̀

Ní ọdún 1985, ní ìlú Bonn ní Jámánì, Friedhelm Hillebrand jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ gbólóhùn kéékèèké, ó sì ń ka iye lẹ́tà inú wọn. Ó rí i pé 160 tó fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Iye yẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ń lò títí dòní. Tábìlì lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún un ní Yúróòpù ní à, è, ì, ò, ù àti é nínú. Kò ní á, í, ó tàbí ú. Kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́rìn-ín: ohùn ìsàlẹ̀ ríbi gbé lórí lẹ́tà márùn-ún, ohùn òkè rí ẹyọ kan. Bí a bá tẹ lẹ́tà kan péré tí kò sí nínú tábìlì yìí, àyè tí a ní á já wálẹ̀ láti 160 sí 70. “Ẹ” tó bẹ̀rẹ̀ “Ẹ kú àárọ̀” ti tó láti fa èyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Plateau ní Benin, níbi tí Kétu, Pobè àti Sakété wà, lọ́nà tó le ju ti Nàìjíríà lọ. Àdéhùn ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí òdìkejì. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà: ɛ àti ɔ ni ibẹ̀ ń kọ níbi tí Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Àkọtọ́ méjèèjì kò sí nínú tábìlì Yúróòpù. Faransé ló sì ń wọlé láìsí wàhálà púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ránṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú á yọ àmì kúrò pátápátá, á wá kọ “E lo oogun yin”. Ṣé kí aláìsàn lo oògùn rẹ̀ ni, àbí kó lọ̀ ọ́? Ní ilẹ̀ tí a ti ń lọ àgúnmu, ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà.

Ó wúlò kí a wo ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti yọrí sí rere. Láti 2007, ní Kenya, àwọn onímọ̀ ìṣègùn dán ètò kan wò, WelTel ni orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ènìyàn 538 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́: “Mambo?”, èyí tó dà bí “Báwo ni?” ní Swahili. Aláìsàn á dáhùn láàárín wákàtí 48 pé “Sawa”, ó dáa, tàbí “Shida”, ìṣòro wà. Ẹni tó bá sọ pé ìṣòro wà, tàbí tó dákẹ́, nọ́ọ̀sì á pè é. Nínú àwọn tó gba ìkíni yìí, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo oògùn bó ti yẹ. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 50 ni. Ìwádìí náà jáde ní 2010.

Ẹ kíyèsí i pé ìkíni náà kò dárúkọ àrùn, kò sì dárúkọ oògùn. Bí fóònù bá jẹ́ ti ọkọ, àṣírí ìyàwó kò tú. Ìwádìí mìíràn ní Kenya, tó jáde ní 2011, fi hàn pé ìránnilétí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ràn án, ti ojoojúmọ́ kò ràn án, fífi ọ̀rọ̀ ìṣírí gùn ún kò sì fi nǹkan kún un. Nítorí náà, n kò gbà pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ń mú kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rán dà bí ti ènìyàn. Pé ẹnìkan ń retí èsì ni.

Ghana gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2010, ètò MOTECH bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní Kasem àti Nankam ránṣẹ́ sí àwọn aboyún ní òkè ọya ibẹ̀. Ohùn kò nílò àkọtọ́, èyí sì bá Kétu mu.

Kí ni ohùn náà yóò wá sọ? Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá “ẹ” ló yẹ kó lò tàbí “o”. Kò mọ̀ pé ẹni tí káàdì pè ní orúkọ baba ọkọ rẹ̀, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ìkíni kan tó yẹ̀ gbogbo èyí sílẹ̀: “Ṣé àlàáfíà ni?” Kò ní arọ́pò-orúkọ, kò dárúkọ àrùn, ìlera sì wà nínú ìtumọ̀ àlàáfíà láti orírun rẹ̀ ní Lárúbáwá.

Èsì ni ìṣòro wà. Ní Pobè, níbi tí ilé ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti egbò Buruli wà, ẹni tó ní Buruli ń lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí a bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, yóò ní “A dúpẹ́”, ìbáà jẹ́ pé egbò kò jẹ́ kó sùn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ bó ṣe fa ọ̀rọ̀ náà yóò mọ̀. Ẹ̀rọ yóò kà á mọ́ “Sawa”. Ètò tí a bá ṣe fún Kétu ní láti ka “A dúpẹ́” mọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí nọ́ọ̀sì sì pe ẹni tó sọ ọ́.