Wáyà Ọ̀gbẹ́ni Bell: Bí Okùn Tẹlifóònù Ṣe Di Ojú Ọ̀nà Àwòrán

Nínú gbọ̀ngàn ìjọsìn ńlá, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àti ní pápákọ̀ òfurufú, kọ̀ǹpútà lè wà ní kọ̀rọ̀ kan kí àwòrán rẹ̀ sì máa hàn lójú síkírìnì tó jìnnà sí i ní 80 tàbí 100 mítà. Wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ kò tó pẹ́ńsùlù ní sísanra. Wáyà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbọ́n àná ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wáyà ọ̀hún ti lo ohun tó lé ní 140 ọdún láyé, kì í sì í ṣe tìtorí àwòrán ni wọ́n ṣe é.

Oṣù Kẹta ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé-àṣẹ lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wáyà ẹyọ kan ni wọ́n ń lò, gẹ́gẹ́ bí àwọn onítẹ́lígíráàfù ti ń ṣe. Ilẹ̀ ni iná ń gbà padà. Ariwo inú ilẹ̀ a máa dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, ohùn ẹlòmíràn a sì máa jò wọlé láti inú wáyà tó wà nítòsí. Ní oṣù Keje ọdún 1881, Bell tún gba ìwé-àṣẹ mìíràn: kí a fi wáyà méjì rọ́pò ẹyọ kan, kí a sì lọ́ wọn mọ́ ara wọn bí ẹni ń ran okùn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin oníná wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná àwọn ìgboro Amẹ́ríkà, tí iná wọn ń da tẹlifóònù láàmú, àwọn iléeṣẹ́ rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju wáyà méjì lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sórí lílọ́ yìí, nítorí òun ni òpó tó gbé ilé ró. Bí ariwo bá bọ́ lu wáyà méjì tó ń yí ara wọn ká, ìwọ̀n kan náà ni yóò bà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ yàtọ̀: bó bá ń lọ sókè nínú wáyà kìíní, yóò máa lọ sílẹ̀ nínú èkejì. Ẹ̀rọ tó wà lópin yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ariwo tó dọ́gba yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì kù. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwòrán kò pẹ́ kó tó wá ọ̀nà sínú wáyà tẹlifóònù. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1927, Herbert Hoover, tó jẹ́ mínísítà ètò okòwò Amẹ́ríkà nígbà náà, tó sì wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, jókòó ní Washington. Àwọn tó péjọ sí New York ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó lé ní 200 máìlì láàárín wọn. Ìlà 50 péré ni àwòrán náà ní, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni.

Iléeṣẹ́ AT&T kò gbàgbé. Ní ọdún 1964, wọ́n gbé Picturephone, tẹlifóònù aláwòrán, lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní New York, wọ́n sì kọ́ àgọ́ fún un ní New York, Washington àti Chicago. Dọ́là 16 ni ìpè ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín New York àti Washington. Ní ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ ọ́fíìsì ní Pittsburgh, ní dọ́là 160 lóṣù. Wáyà onílọ́po méjì mẹ́ta ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún àwòrán tó ń lọ, ọ̀kan fún èyí tó ń bọ̀. Ohùn ènìyàn lórí tẹlifóònù kò nílò ju ìgbì bí 3,400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán Picturephone nílò 1,000,000. Bí àwòrán bá ti rin nǹkan bíi máìlì kan, agbára rẹ̀ á ti dínkù, ẹ̀rọ mìíràn á sì ní láti tún un ṣe. Àwọn òǹkọ̀wé kan sọ pé ìtìjú ló pa Picturephone, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí a rí òun nínú aṣọ ilé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, owó ló pa á.

Kọ̀ǹpútà ló jí àlá náà dìde. Ní ọdún 1987, IBM gbé VGA jáde: àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, olúkúlùkù pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, pẹ̀lú àmì tó ń sọ fún síkírìnì ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà VGA nípọn, ó wọ́n, bó bá sì ti gùn jù, àwòrán rẹ̀ a máa ṣú bàìbàì. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn ọ́fíìsì ń fa wáyà tí wọ́n ń pè ní Category 5 kọjá inú ògiri: wáyà méjì-méjì ọ̀nà mẹ́rin, tí ó lè dé 100 mítà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣírò ó: àwọ̀ mẹ́ta, àmì ìlà, ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan sí ìdí kọ̀ǹpútà, òmíràn sí ìdí síkírìnì, àwòrán sì kọjá.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan tí Bell kò mọ̀ fara hàn. Kí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má baà máa jí ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́, àwọn tó ń ṣe wáyà kò lọ́ wọn lọ́nà kan náà. Èyí tí a lọ́ jù ló gùn jù nígbà tí a bá tú u. Nítorí náà, àwọ̀ pupa lè dé lẹ́yìn àwọ̀ ewé, kí lẹ́tà dúdú lójú síkírìnì sì ní òjìji pupa létí. Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún íntánẹ́ẹ̀tì di májèlé fún àwòrán. Àwọn kan ṣe àpótí tó ń dá àwọ̀ tó yára dúró de èyí tó lọ́ra. Àwọn mìíràn ṣe wáyà tí a lọ́ dọ́gba, tó dára fún àwòrán, tí kò sì dára fún íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ní ọdún 2010, LG, Samsung, Sony Pictures àti Valens, iléeṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, gbé HDBaseT kalẹ̀. Nọ́ńbà ni àwòrán ti dà níbẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ń gbé àwòrán, ohùn, íntánẹ́ẹ̀tì àti iná tó tó wáàtì 100 dé 100 mítà.

Láti ọjọ́ Bell títí di ti HDBaseT, àpótí tó wà ní ìpẹ̀kun ló ń yí padà. Bàbà kò kúrò láàárín. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ lónìí. Wáyà wà káàkiri ọjà wa tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò, tí wọ́n sì kọ Category 5 tàbí 6 sí lára. Iná kò rin dáadáa nínú alumíníọ̀mù bíi ti inú bàbà. Wáyà bẹ́ẹ̀ ń gbóná bí iná bá ń gba inú rẹ̀, ó sì tètè ń ṣẹ́. Owó ìjọ àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń rà á, wọn a sì máa bú àpótí nígbà tí síkírìnì bá ń ṣẹ́jú. Ẹni tó ń ra wáyà fún gbọ̀ngàn kò ní láti jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Kó gé orí rẹ̀, kó fi ọ̀bẹ họ ọ́ díẹ̀. Bí inú bá pọ́n bí òde, bàbà ni; bó bá funfun, kó dá a padà fún ọlọ́jà.