Ẹ̀yìn Wáyà: Obìnrin Olólùfẹ́ Eré-Ìje Mọ́tò ní Pápá Indianapolis, 1909 sí 1978



Obìnrin ni mí, mo sì fẹ́ràn eré-ìje mọ́tò. Bí ọkùnrin bá sọ pé òun fẹ́ràn eré yìí, wọn a bi í pé awakọ̀ wo ni ó ń gbè lẹ́yìn. Bí èmi bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn a bi mí pé ta ni ó mú mi débẹ̀, ọkọ mi ni àbí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin? Lẹ́yìn náà ni ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀: wọn a ní kí n ka orúkọ àwọn tí ó ti gbégbá orókè láti ìgbà láéláé. Èrò kan ni ó fara pa mọ́ sábẹ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, èyí nì pé àlejò ni obìnrin nídìí eré-ìje mọ́tò, àti pé àná ni ó dé. Èrò náà ni mo fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò lónìí. Kí ọ̀rọ̀ má baà gbòòrò jù, pápá kan ṣoṣo ni n ó mú lò, èyíinì ni pápá Indianapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọdún 1909 ni a ṣí pápá yìí. Máìlì méjì àtààbọ̀ ni yíyí rẹ̀ ká. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà ni a kọ́kọ́ fi tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà fọ́, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Nítorí náà, kí ọdún náà tó parí, a ti fi bíríkì tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Ní 1911 ni a sá eré ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta máìlì àkọ́kọ́. Ray Harroun ni ó gbégbá orókè. Àwọn awakọ̀ yòókù gbé mẹkáníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti máa bá wọn wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Harroun nìkan ni ó dá jókòó nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Dígí ni ó gbé kọ́ síwájú tí ó fi ń wo àwọn tí ń bọ̀.

Kò sí olólùfẹ́ eré-ìje tí kò gbọ́ ìtàn dígí yìí. Àwọn tí ó mọ̀ pé Dorothy Levitt, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti wa ọkọ̀ eré-ìje, tẹ ìwé kan jáde fún àwọn obìnrin awakọ̀ ní 1909 kò pọ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n mú dígí ọwọ́ dání, kí wọ́n máa gbé e sókè láti fi wo ẹ̀yìn. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Harroun ti kọ́ ọgbọ́n náà. Harroun fúnra rẹ̀ ní ara kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni òun ti rí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé lọ́dún tí a ṣí Indianapolis, obìnrin ti ń wakọ̀, ó sì ti ń kọ́ ẹlòmíràn.

Ní Indianapolis, obìnrin lè jókòó láàárín àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ parí sí. Kò gbọdọ̀ wọ àgbàlá gáráàjì, kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń yà gba epo àti táyà. Lára ohun tí àwọn eléré-ìje Amẹ́ríkà ìgbà náà kà sí oríburúkú ni mọ́tò aláwọ̀ ewé, ẹ̀pà, àti obìnrin nítòsí ọkọ̀. Ìyàwó awakọ̀ pàápàá, ẹ̀yìn wáyà ni ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwa tí a mọ Orò nílẹ̀ wa mọ èèwọ̀ tí ó ní kí obìnrin má rí. Èèwọ̀ ti Indianapolis yàtọ̀: kí obìnrin rí, kí ó máa pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí méjì. Èkíní, ọkọ̀ tí Ray Keech fi gbégbá orókè ní 1929, ti obìnrin ni. Maude Yagle ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n M. A. Yagle ni a kọ sínú ìwé, tí ẹni tí ó kà á kò fi lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Owó rẹ̀ ni a fi ra ọkọ̀, síbẹ̀ kò lè wọ gáráàjì tí ọkọ̀ náà wà. Àárín àwọn òǹwòran ni ó ti wo ìṣẹ́gun ara rẹ̀. Èkejì, Denise McCluggage jẹ́ akọ̀ròyìn fún ìwé-ìròyìn New York Herald Tribune, ó sì jẹ́ awakọ̀ eré-ìje tí ó borí nínú ẹ̀ka tirẹ̀ ní eré wákàtí méjìlá ti Sebring ní 1961. Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó wọ gáráàjì Indianapolis, wọn kò sì jẹ́ kí ó jókòó níbi tí àwọn akọ̀ròyìn ń jókòó sí. Ọdún 1971 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin akọ̀ròyìn.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Orí àga òǹwòran nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di onímọ̀ nípa eré-ìje. Inú gáráàjì ni a ti ń gbọ́ ìdí tí ẹ́ńjìnnì kan fi gbóná jù, ìdí tí táyà kan fi jẹ ju èkejì lọ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A fi wáyà sọ obìnrin di àlejò fún ọgọ́ta ọdún ó lé, a sì wá ń bi í pé èéṣe tí kò fi ríran.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí kì í ṣe ohun kékeré. Janet Guthrie kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Michigan. Jaguar àlòkù ni ó fi bẹ̀rẹ̀ eré-ìje, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ní 1976 ó dé Indianapolis, ṣùgbọ́n kò rí àyè wọ eré náà. Ní 1977 ó sáré ìdánwò pẹ̀lú ìwọ̀n máìlì 188 ní wákàtí kan, ó sì gba ipò 26 nínú ọkọ̀ 33. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú eré náà.

Àríyànjiyàn mìíràn wá dìde. Ó ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin nìkan ni a ń dárúkọ nínú àṣẹ pé kí wọ́n ṣíná sí ọkọ̀. Àwọn aláṣẹ ní kò sí ìdí láti yí i padà, nítorí mẹkáníìkì ni ó ń ṣíná, ọkùnrin sì ni mẹkáníìkì. Ni ẹgbẹ́ Guthrie bá yan Kay Bignotti, obìnrin tí ó ní ìwé-àṣẹ mẹkáníìkì, pé òun ni yóò ṣíná sí ọkọ̀ náà. Àwáwí tán. Tony Hulman, ẹni tí ó ni pápá, dárúkọ obìnrin àkọ́kọ́ náà kí ó tó pàṣẹ. Ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́ fún Guthrie lọ́jọ́ náà. Hulman kú ní ọdún yẹn kan náà; nígbà tí ó di 1978, Mary, opó rẹ̀, ni ó pàṣẹ. Guthrie, tí egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti dá, ṣe ipò kẹsàn-án.

Ní 2021, a ṣe ìwádìí kan láàárín àwọn olólùfẹ́ Formula One káàkiri ayé. Obìnrin jẹ́ 18.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó dáhùn. Ní 2017, nǹkan bí 10 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pè wọ́n ní ẹni tuntun. Ní tèmi, mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn eré ìdárayá pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wáyà wà, ọdún tí a nà án, àti ọdún tí a ká a kúrò, kí ẹ tó ka iye àwọn tí ó dé. Levitt, Yagle àti McCluggage kì í ṣe àlejò nídìí eré yìí. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ lónìí, ìran wọn ni a jẹ́, a kò sì ní láti wá baba ìsàlẹ̀ tí yóò mú wa wọlé.