Eégún Wọ Agbo Ìjàkadì: Ọ̀rọ̀ Oba Femi

Bí eégún bá jáde ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú ẹ̀kú. Síbẹ̀, ta ló jẹ́ dárúkọ rẹ̀? Ará ọ̀run la pè é, ará ọ̀run ló sì jẹ́ títí yóò fi wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn ká tó sọ pé irọ́ lásán ni réslìn tí à ń wò lórí tẹlifíṣàn.

Nínú ìjàkadì tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn. Ti réslìn yàtọ̀: wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn tó ni iṣẹ́ náà ti ń fi bò. Lọ́dún 1989 ni WWF, tó di WWE lónìí, jẹ́wọ́ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey, l'Amẹ́ríkà, pé eré ni. Kí ló fà á? Wọn ò fẹ́ kí ìjọba máa fi òfin ìdíje gidi dè wọ́n mọ́.

Eré ni lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ò mọ eré. Ní 1999, ní Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè kí ìwọlé rẹ̀ lè wu ojú. Ó já bọ́, ó sì kú.

Inú iṣẹ́ yìí ni ọmọ Yorùbá kan wọ̀. Isaac Odugbesan ni orúkọ rẹ̀. Irin ló ń jù fún Yunifásítì Alabama kí WWE tó gbà á. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Oba Femi. Ní January 2024, ó gba bẹ́líìtì North American ti NXT, ó sì dì í mú fún ọjọ́ 273. Ní January 7, 2025, ó na Trick Williams àti Eddy Thorpe nínú ìjà kan ṣoṣo, ó gba bẹ́líìtì àgbà NXT. Kì í sáré wọlé. Bí ọba ló ń rìn. Yóò gbé géńdé sókè bí ẹni gbé àpò gàrí, yóò sì là á mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi oyè ọba ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí Olúkàrẹ́ àti Olúbàkà wà, oyè ọba kì í ṣe ohun àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ọ̀yọ́ Ilé. Ní 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, wo eré eégún níwájú Aláàfin. Ejò ńlá jáde nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni eégún kan yọ, ó funfun, ó ń sín òyìnbó jẹ. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Aláàfin ò sọ pé irọ́ ni.

Nígbà yẹn, àwa la gbé òyìnbó wọ̀ bí ẹ̀kú. Lónìí, ọmọ wa gbé ọba wọ̀ lójú òyìnbó, wọ́n sì ń fi ahọ́n wọn pe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ̀kú lè jẹ́ ti eré. Ẹ̀yìn tó ń kanlẹ̀ nínú rẹ̀, ti ènìyàn ni.