LAOS: Ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Gíríìsì tó wọ ìjọba, tó sì pòfo

LAOS ni ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú Laikos Orthodoxos Synagermos ní ilẹ̀ Gíríìsì. Lédè wọn, "laos" túmọ̀ sí "àwọn aráàlú".

Ta ló dá a sílẹ̀?

Georgios Karatzaferis, akọ̀ròyìn tó tún ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2000, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ New Democracy lé e. Gíríìsì lákọ̀ọ́kọ́ àti ìjọ Orthodox ni wọ́n ń polongo. Wọn ò fẹ́ kí àjòjì máa ya wọ̀lú, wọn ò sì fẹ́ kí Tọ́kì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe nínú ìbò?

Aṣòfin 300 ló wà nílé aṣòfin Gíríìsì. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kò ní rí ìjókòó kankan.

- 2004: ìdá 2.19, kò sí ìjókòó
- 2007: ìdá 3.80, ìjókòó 10
- 2009: ìdá 5.63, ìjókòó 15
- May 2012: ìdá 2.90, kò sí ìjókòó
- June 2012: ìdá 1.58
- January 2015: ìdá 1.03

Nínú ìbò ilé aṣòfin Yúróòpù, wọ́n rí ìjókòó 1 lọ́dún 2004 àti 2 lọ́dún 2009.

Kí ló gbé wọn ṣubú?

Gbèsè ti wọ Gíríìsì lọ́rùn nígbà náà. Ní November 2011, LAOS dara pọ̀ mọ́ PASOK àti New Democracy nínú ìjọba Lucas Papademos. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ yá ìjọba lówó ní kí wọ́n gé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní February 2012, Karatzaferis ní òun ò ṣe mọ́. Makis Voridis àti Adonis Georgiadis kọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n dìbò fún àdéhùn náà, wọ́n sì bọ́ sí New Democracy.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Àwọn tínú ń bí sí ìjọba rí LAOS bí ara ìjọba. Àwọn tó fẹ́ àdéhùn rí i bí ẹni tó sá lójú ogun.

Ṣùgbọ́n ìbínú aráàlú ò bá ẹgbẹ́ náà kú. Ní May 2012 yẹn kan náà, Golden Dawn, tó le jù wọ́n lọ fíìfíì, gba ìjókòó 21. Ní October 2020, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni Golden Dawn. Ní ti Voridis àti Georgiadis, àwọn méjèèjì padà di mínísítà lábẹ́ New Democracy.