Ìtàn Ìtọ́jú Cerebral Palsy ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àkọsílẹ̀ nípa ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ní cerebral palsy ní ilẹ̀ Yorùbá fọ́n káàkiri inú ìwé ìwádìí àwọn dókítà, ìtàn ilé ìwòsàn àti ìwé òfin, òmíràn sì tako èkejì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ ní títò pọ̀ sójú kan. Cerebral palsy ni àbájáde ìpalára tí ó bá ọpọlọ ọmọ nínú oyún, nígbà ìbí tàbí ní kété lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ náà kò fi lè darí ara rẹ̀: iṣan lè le gbagidi, ọrùn lè má dúró, ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì sì lè nira. Ìpalára inú ọpọlọ náà kì í pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í lọ, nítorí náà ìtọ́jú ọjọ́ ayé ni ó ń béèrè.

Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé, ẹni òrìṣà ni Yorùbá ń pe arọ, Ọbàtálá ni wọ́n sì gbà pé ó ni ín.

Lórí ohun tí ó ń fa cerebral palsy, ní 1861 ni dókítà William John Little sọ fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìrọbí tí ó le, àìpé oṣù ọmọ àti àìtètè mí ni orísun rẹ̀. Ní 1897, Sigmund Freud jiyàn pé ìrọbí líle lè jẹ́ àmì ìpalára tí ó ti wà láti inú oyún. Ìwádìí òde òní ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn Freud gidigidi. Ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, ohun tí ìwádìí ilé ìwòsàn máa ń tọ́ka sí ni àìtètè mí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọmọ tuntun àti àrùn yírùnyírùn. Ní 1963, àwọn dókítà tí wọ́n ṣèwádìí ní Ìbàdàn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yìí bá àìtó èròjà ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní G6PD tan. Ọmọ tí ó bá ní àìtó yìí kò gbọdọ̀ fara kan kàfúrà tí a ń kó sáàárín aṣọ, nítorí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ó sì fa ibà náà. Èrò Little ni ó wúwo jù ní Nàìjíríà, ó sì túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú cerebral palsy níbẹ̀ ṣeé dènà. Ọ̀rọ̀ pé àwọn ayé ni ó ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rí.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìtọ́jú náà láti ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ní 1945. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957, tí Yunifásítì ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè fisiotẹ́rápì, ìtọ́jú tí ń fi ìdárayá kọ́ iṣan àti oríkèé, ní 1966. Ìgbóbì ni ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé.

Fún agbègbè Ọ̀ṣun, ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣe pàtàkì, nítorí láti ibẹ̀ ni dókítà David Morley ti lọ dá ìtọ́jú ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, tí ó sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú ọmọ nítòsí ilé wọn. Ìlànà yẹn gan-an ni ó yẹ àwọn ìlú Ìlá-Òràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, nítorí Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo ni àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ìdárayá ojoojúmọ́ kò sì ṣeé wọkọ̀ lọ ṣe. Ẹrù ìtọ́jú nílé kò sì fúyẹ́: ní 2007, àwọn olùwádìí Hamzat àti Mordi tẹ ìwádìí jáde pé ìlera àwọn tí ń tọ́jú ọmọ tí ó ní cerebral palsy ń jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, òfin àwọn aláàbọ̀ ara jáde ní Èkó ní 2011 àti ní ìjọba àpapọ̀ ní 2019. Àjọ Benola, tí Femi Gbadebo àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀, sì ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ lórí cerebral palsy ní Èkó. Ti àgbàlagbà tí ó ní cerebral palsy ni kò tíì rí àyè nínú ìtàn yìí: ìdílé nìkan ni ó ń gbé e, a kò sì lè pe ìtọ́jú kan ní pípé níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń parí nígbà tí ọmọ bá dàgbà.