Fell: Òkè Tí Àgùntàn Ti Ń Jẹ̀

Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní agbègbè Lake District, fell ni wọ́n ń pe òkè gíga tí orí rẹ̀ pá. Àwọn ọmọ Viking tó tẹ̀dó síbẹ̀ ló mú ọ̀rọ̀ náà dé: fjall ni òkè lédè wọn. Ó ṣì wà nínú orúkọ Scafell Pike, òkè tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 978.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn darandaran, fell tún ni pápá orí òkè tí àgùntàn àwọn olóko púpọ̀ jọ ń jẹ̀. Ó wù mí gan-an pé iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n fi mọ òkè wọ̀nyí kí ìgbafẹ́ tó dé.

Nígbà òtútù, yìnyín a bo ojú ọ̀nà. Orí Helvellyn, ọ̀kan lára àwọn òkè Lake District, lè dì gbagidi nígbà tí koríko ṣì ń tutù yọ̀yọ̀ nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ kan fi ń gùn ún lójoojúmọ́ lásìkò náà, kí wọ́n lè ròyìn bó ṣe rí. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ tètè jí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání.