Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni baba tó sọ ọ́: ẹni tó gòkè àjà ni gbogbo ayé ń wò, òun ní kí a wo ẹni tó dúró nísàlẹ̀, tó tẹ́wọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì ń péjọ sí gbàgede Fájuyì láti fẹ̀hónú hàn, ẹni orí àjà nìkan ni wọ́n ń bá wí: ọlọ́pàá SARS, ẹ̀ka tó ń gbógun ti adigunjalè nígbà náà, tí í dá ọmọkùnrin dúró, tí í tú fóònù rẹ̀ wò, tí í ní oníjìbìtì "Yahoo" ni. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àṣírí ẹni ìsàlẹ̀ ti tú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ sẹ́ pé àwọn kò kọ́ SARS níṣẹ́. Ìgbà tó yá, mínísítà wọn, James Duddridge, kọ̀wé sí Kate Osamor, aṣòfin tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: láàárín 2016 sí 2020, àwọn kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, àwọn aṣòfin ibẹ̀ jókòó lórí ẹ̀bẹ̀ tí ó lé ní 220,000 ènìyàn fọwọ́ sí, pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìyà jẹ àwọn aláṣẹ wa tó lọ́wọ́ nínú ìwà àìdáa ọlọ́pàá.

Ẹni ìsàlẹ̀ mìíràn ni Amẹ́ríkà. Ó ní òfin Leahy láti 1997: ẹ̀ka ọmọ ogun tàbí ọlọ́pàá tí ẹ̀rí wà pé ó ń pa ènìyàn láìṣẹ̀ tàbí ó ń dá wọn lóró, kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Àmọ́ ìrànlọ́wọ́ ló dè, kò de ọjà títà. Nígbà tí bàlúù ogun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno, ní oṣù kìíní 2017, ìjọba Obama dá títa bàlúù Super Tucano 12 fún wa dúró. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Trump ti fọwọ́ sí i.

Àwọn aṣòfin tiwa ńkọ́? Ní 2018, wọ́n gbaná jẹ nítorí pé Ààrẹ Buhari san nǹkan bíi mílíọ̀nù 496 dọ́là fún bàlúù náà láìgba àṣẹ wọn. Ẹjọ́ tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ló dùn wọ́n; àwọn òkú Rann kò fi bẹ́ẹ̀ dé ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni abala 88 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí ẹnikẹ́ni tó ń ná owó ìjọba tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ológun àti ọlọ́pàá pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ará Èkìtì, bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá padà wálé láti Àbújá, ẹ má bi í nípa ọ̀nà àti tiransifọ́mà nìkan. Ẹ bi í pé ta ló ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá wa níṣẹ́, ta ló ń fún wọn níbọn, àti ìgbà wo ni òun béèrè kẹ́yìn.